Kí O Tó Wọ Gáùn Elésè Àlùkò Yìí

                                                  Yàrá Ẹ̀yìn, Ilé Ìránṣọ,
                                                  Òpópónà Kẹta sí Ibùdókọ̀ Ojú Irin.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ìwé kíkà ńkọ́? Ṣé orí rẹ ti ń tutù díẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò tó o kọ́kọ́ ṣe, àbí ó ṣì ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí a gbàgbé sórí aṣọ? Bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá, èyí tó máa ń sín láàárọ̀ àti èyí tó ń fi ìwé bojú sùn. Mo lérò pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ti lọ. Mo sì lérò pé ò ń jẹun lásìkò, nítorí mo mọ̀ ọ́ dáadáa: tí ìdánwò bá ti dé, búrẹ́dì àti tíì ni ìwọ fi ń ṣe ọ̀sán, òun náà lo fi ń ṣe alẹ́. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ológbò ṣọ́ọ̀bù ti bímọ mẹ́rin sínú àpótí àjákù aṣọ, a ò sì rí ẹni tó láyà láti lé e kúrò níbẹ̀. Èmi náà wà, mo dúpẹ́.

Mo bẹ̀ ọ́, má tíì tú ìwé tí mo fi di gáùn rẹ. Jókòó, ka lẹ́tà yìí tán ná. O mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí tí ẹ fi sọ mí ní Jẹ́jẹ́ nìyẹn láti kíláàsì kìíní. Tí o bá wá rí i pé mo kọ ìwé tó gùn tó èyí, kí o mọ̀ pé kì í ṣe eré. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ Màmá rẹ ni fóònù náà wà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ níbẹ̀ tí wọn kò ní gbọ́.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù tó kọjá, èyí tí o kọ ètò ìsinmi sí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé ọ̀dọ̀ wa. Màmá ní kí n kà á sókè fún àwọn, pé awò ojú àwọn wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìgéṣọ, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oníbàárà méjì wà níjòókòó, àwọn náà ń gbọ́. Pé ìdánwò máa parí ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Pé a ó wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ kùtù ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje, ìwọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì, àti èmi. Pé wákàtí mẹ́sàn-án ni yóò fi rìn kó tó dé ìlú etí òkun, ilé àǹtí ọ̀kan nínú wọn la ó sì dé sí. Pé ní ọjọ́ kẹsàn-án, Olóhùn Oyin rẹ yóò kọrin ní pápá ìṣeré ńlá, iwájú pátápátá la ó sì dúró, níbi tí òógùn rẹ̀ yóò ti máa ta sí wa lára.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní, "Òógùn kẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ fi òógùn ẹlòmíràn ṣe?"

Màmá ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Àwa náà ti ya wèrè wa rí, a kàn ti gbàgbé ni."

Mo ń kà á lọ. Pé lẹ́yìn ìyẹn a ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé tí wọ́n ti ń ya eré tẹlifíṣọ̀n wa ti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, a ó ya fọ́tò níwájú ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù tí lọ́yà inú eré náà máa ń pa dé gbàgà mọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Pé a ó dé ibi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ sinimá àtijọ́ jọ sí. Pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni, kò síṣẹ́, kò síwèé. Màmá dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n ní kí n tún ibi òkun kà. Mo tún un kà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yíjú sí àwọn oníbàárà, wọ́n ní, "Ọmọ mi máa rí òkun o. Èmi tí mo bí i ò rí i rí." Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wá gba aṣọ tí kò gbọ́ nípa ìrìn àjò yìí. Ọkùnrin kan wá gé ṣòkòtò rẹ̀ kúrú, ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú aago tí ọkọ̀ ojú irin wa máa gbéra.

N kò ní purọ́ fún ọ, inú èmi náà dùn. Mo yọ ìwé jọ́gíráfì wa àtijọ́ jáde, mo fi òwú wọn ojú irin náà láti ibùdókọ̀ wa títí dé etí omi. Ó gùn tó ìka mi àárín.

Ṣùgbọ́n, Eyínfúnjowó, awò ojú Màmá kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ló wà. Kò wúlò fún wọn mọ́ ni.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ fún ọ bó ṣe tẹ̀léra, kí o má baà rò pé ìbẹ̀rù lásán ló ń bá mi jà.

Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kejì ni Màmá ti ń ráhùn pé àwọn tó ń ya eré wa kò tan iná mọ́, pé inú òkùnkùn ni wọ́n ń jókòó sọ̀rọ̀ bí olè. Wọ́n ránṣẹ́ pe Wáyà, atúntẹlifíṣọ̀nṣe tó wà lódìkejì. Ó wá lẹ́ẹ̀kíní, ó yí nǹkan. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó lóṣòó síwájú ẹ̀rọ náà, ó gbé ọwọ́ lé orí.

Ó ní, "Màmá, tí mo bá tún fi ìmọ́lẹ̀ kún un, lọ́yà máa funfun bí ìyẹ̀fun ni. Kò sóhun tó ṣe tẹlifíṣọ̀n yín."

"Ó dáa. Ojú mi ló ṣe nìyẹn."

"Èmi ò wí bẹ́ẹ̀ o, mà."

"O wí bẹ́ẹ̀. Kó irin ẹ, kó o máa lọ. Ọ̀gá tó kọ́ ẹ níṣẹ́ gan-an, mo fẹ́ rí i."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àbúrò lọ́yà. O rántí pé nínú eré náà, àbúrò lọ́yà tó jọ ọ́ bí ìmumu wọ aṣọ rẹ̀, ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń fọwọ́ sí ìwé. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìwọ náà kọ̀wé sí mi pé lọ́yà ti ya òǹrorò, o sì bú u fún ojú ìwé kan àtààbọ̀. Ọjọ́ kìíní gan-an tí ọkùnrin náà lanu ni Màmá ti ní, "Lọ́yà kọ́ nìyẹn. Ohùn ẹ̀ gbẹ." A ní ká jọ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní àwọn ò wo ojú kankan, lọ́yà kọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí rẹ̀. Wáyà pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé amòye ni Màmá. Èmi nìkan ni n kò pariwo. Mo ń wò wọ́n níbi tí wọ́n jókòó sí, mo wá rí i pé wọn kò kọjú sí tẹlifíṣọ̀n náà. Etí ni wọ́n dẹ sí i.

Abẹ́rẹ́ ló wá jẹ́ kí ó dá mi lójú. Láràárọ̀, kí Màmá tó jáde sí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo máa ń ki òwú bọ ogún abẹ́rẹ́, tí mo máa ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré létòlétò: funfun níwájú, dúdú lẹ́yìn, pupa ní ìlà kejì, búlúù ní ìlà kẹta. Màmá fúnra wọn ló kọ́ mi ní ètò náà nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí èèyàn fi àkókò ṣòfò. Mo gbà pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan mo kánjú, mo gún pupa síbi tí dúdú máa ń wà. Màmá fa abẹ́rẹ́ náà yọ, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n mi orí, wọ́n sì fi òwú pupa ká etí síkẹ́ẹ̀tì dúdú tíṣà kan yípo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tíṣà náà tú u wò, ó ní, "Aránṣọ, ṣé ijó ni ẹ fẹ́ kí n máa jó wọ kíláàsì ni?" Màmá ní àṣìṣe àwọn ni, àwọn ń ronú nǹkan mìíràn. Wọ́n tú u, wọ́n tún un rán. Wọn kò bá mi wí. Ìbá sàn kí wọ́n bá mi wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn lẹ́tà rẹ, wọ́n ní kí n sin àwọn lọ kí aláìsàn kan nílé ìwòsàn. A débẹ̀, kò sí aláìsàn. Màmá yọ káàdì kan nínú àpò wọn. Mo rí i pé wọ́n ti kọ ọjọ́ mẹ́ta sára rẹ̀, ti àkọ́kọ́ wà nínú oṣù kìíní. Àwọn nìkan ló ti ń dá lọ. Wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ara ògiri lọ.

Dókítà náà kò dàgbà púpọ̀, obìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó gbé bírò kan tó ní ìdérí pupa, ó bo ojú òsì Màmá, ó ní kí wọ́n máa wo imú òun, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá rí bírò náà. Ó gbé e láti ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún, ó ń mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dé iwájú ojú gan-an. Mo ń dúró kí Màmá sọ̀rọ̀. Bírò náà kọjá lọ sápá kejì, Màmá sì ní, "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Dókítà gbé bírò náà sílẹ̀. Ó ṣe ti òsì náà. Èyí rí i, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí bírò náà kan imú.

Mo kọ ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ sí ẹ̀yìn ìwé tí a ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí lọ́jọ́ náà, kí n má baà bù mọ́ ọn tàbí kí n yọ nínú rẹ̀. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ tán. Ó ní òsì ló kù, bí ẹni ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ sì ni Màmá fi ń ríran. Ó ní iṣẹ́ abẹ kò ní dá èyí tó ti lọ padà, èyí tó kù ló máa bá wa dì mú, gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a bá sì fi falẹ̀, nínú èyí tó kù ni yóò ti máa jẹ. Ó mú ọjọ́ keje oṣù keje. Ó ní ẹbí kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò fọwọ́ sí ìwé, tí yóò sì wà lọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá láti máa kán oògùn sí ojú náà ní wákàtí wákàtí, nítorí wọn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gbé nǹkan, wọn kò sì gbọdọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Màmá ní, "Ẹ bá mi sún un sí oṣù kẹsàn-án. Ọmọ mi ń lọ ìsinmi."

Dókítà ní, "Màmá, ojú kì í lọ ìsinmi."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣáà kọ oṣù kẹsàn-án."

Dókítà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó kọ oṣù kẹsàn-án.

Nígbà tí a dúró de bọ́ọ̀sì, Màmá di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé kí wọ́n má baà ṣubú ni. Wọ́n ní, "O ò ní sọ fún un."

Mo ní, "Màmá."

"Má pè mí ní Màmá. Mo ní o ò ní sọ fún un. Tó bá gbọ́, á wálé. Tó bá wálé, á jókòó tì mí, á máa wo ojú mi bí ìgbà tí wọ́n ń wo ìkòkò lórí iná. Ta ló ń pé ọmọ ogún ọdún lẹ́ẹ̀mejì? Èmi nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí yín, ìdí ẹ̀rọ ni mo wà. Gbogbo ohun tí mo fi ojú méjèèjì yìí rí láyé, ojú ọ̀nà òwú ni. Jẹ́ kí tiẹ̀ rí òkun. Tó bá dé, á ròyìn ẹ̀ fún mi, èmi náà á ti rí i nìyẹn."

Wọ́n ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. Bọ́ọ̀sì méjì kọjá kí n tó rí i pé tiwa ti wà nínú wọn.

Ìlérí náà ni mo ń dà yìí, mo sì mọ̀ ọ́n mọ̀ dà á. Ohun tó mú mi dà á ni gáùn tó wà níwájú rẹ.

O ní kí wọ́n rán irú èyí tí Olóhùn Oyin wọ̀ lára páálí àwo orin rẹ̀ fún ọ, kí o lè wọ̀ ọ́ lọ sí pápá ìṣeré. Màmá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Mo kàn jókòó tì wọ́n, mo ń ka àwòrán náà fún wọn bí ẹni ń ka ìwé. "Kọ́là ńkọ́? Ó ga tó ìka mélòó?" Mẹ́ta, mà. "Apá ńkọ́? Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀?" Láti ìgbọ̀nwọ́, mà. "Ọmọbìnrin yìí, kì í ṣe aṣọ ló wọ̀ yìí, àgọ́ ló wọ̀." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi rán an, láàárọ̀ nìkan, nígbà tí oòrùn bá wà lójú fèrèsé. Bọ́tìnnì mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí o bá tú u, wo àwọn ihò bọ́tìnnì náà dáadáa. Mo fi téèpù wọ̀n wọ́n, ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Ìka ló ṣe wọ́n.

Lọ́jọ́ tó kù apá kan, mo lọ dá aṣọ oníbàárà padà. Aṣọ elésè àlùkò náà kò tó mọ́, Màmá kò sì dúró dè mí. Wọ́n lọ sídìí pẹpẹ, wọ́n fọwọ́ pa àwọn aṣọ lára títí wọ́n fi rí èyí tó rí bákan náà lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbé gáùn náà wọ ère onígi, wọ́n dúró tì í, ọwọ́ wọn wà ní èjìká rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ìyàwó han ẹbí ọkọ. Apá ọ̀tún jẹ́ elésè àlùkò. Apá òsì jẹ́ búráùn.

Aboyún kan tó wá gba aṣọ rẹ̀ wà níjòókòó. Mo rí i tó lanu. Mo sáré tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màmá ní, "Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní, "Ó dára, mà. N kò rí irú ẹ̀ rí."

Aboyún náà wò mí, ó wo Màmá, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní, "Ó dára lóòótọ́, mà. Ọlọ́run máa bá yín dá ọwọ́ yẹn sí." Ó kúrò láì gba aṣọ tó wá gbà. Ọjọ́ kejì ló tó rán ọkọ rẹ̀ wá.

Mo lè ra díẹ̀ sí i nínú aṣọ elésè àlùkò náà, kí n tú apá yẹn, kí n rán òmíràn síbẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́. Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú ogójì lọ. Mo ti fi bíléèdì sí ojú òwú àkọ́kọ́. Mo tún gbé e kúrò. Mo ní tí mo bá tún un ṣe, èmi náà ti bá wọn fi ojú wọn pamọ́ fún ọ nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo padà lọ sí ilé ìwòsàn náà. Mo bá akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mo bi í bóyá ẹnìkan ti gba ọjọ́ keje. Ó ní ó ṣì ṣófo. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé náà.

Ó ní, "Kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ọmọ wọn ni mí."

Ó ní, "Àbúrò, ẹbí ni wọ́n ń bèèrè." Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ orúkọ Màmá fẹ́ẹ́rẹ́ sí ọjọ́ keje, ó ní òun kò ní pa á rẹ́ títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Tí ẹbí kankan kò bá yọjú títí di ìgbà náà, ẹlòmíràn yóò gbà á, a di oṣù kẹsàn-án.

Ìwọ nìkan lọmọ. Bàbá rẹ ti lọ, Màmá kò sì ní ìyekan tó ṣì wà láyé. N kò sọ èyí láti fi dè ọ́. Mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe rí ni.

Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kí àǹtí rẹ̀ má tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi. N kò lọ mọ́. Kò dùn mọ́ mi nínú, má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni pé ó dùn. Mo ti ń ronú nípa òkun láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni pé èèyàn kì í rí òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè dúró níwájú ohun tí ó tó bẹ́ẹ̀ fẹ̀ kí n sì mọ ohun tí mo mọ̀ yìí.

Tí o bá ń bọ̀, wá láàárín ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí. Má sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Má ní ètò ìrìn àjò ti yí padà, tàbí pé Olóhùn Oyin kò kọrin mọ́, nítorí Màmá yóò mọ̀. Ojú rẹ lè tàn wọ́n jẹ, ohùn rẹ kò lè tàn wọ́n. Sọ òótọ́ fún wọn tààrà, kí o sì jẹ́ kí wọ́n bú mi. Wọ́n máa bú mi gan-an. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rò ó wò, mo gbà.

Tí o bá sì lọ sí ìlú etí òkun, n kò ní bá ọ jà, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé o ti mọ̀. Ohun tí Màmá fẹ́ ni o ṣe nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè bá ọmọ wí pé ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. N ó dúró tì wọ́n di oṣù kẹsàn-án. Ohun kan péré ni mo bẹ̀. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà rẹ fún wọn, bí o ṣe kọ ọ́ gan-an ni n ó sì máa kà á. Mo ti parọ́ lórí apá gáùn, mo ti da ìlérí. Agbára mi kò gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Nítorí náà, ohunkóhun tí o bá máa kọ padà, kọ ohun tí mo lè kà sókè.

Bá mi kí gbogbo àwọn ojúlùmọ̀ níbẹ̀. Wáyà ní kí n kí ọ, ó ní tí o bá rí lọ́yà, kí o bá òun bi í pé iná mélòó ni wọ́n ń tàn níbi tí wọ́n ti ń ya eré. Tíṣà onísíkẹ́ẹ̀tì náà kí ọ.

Mo ti fẹ́ fi bírò sílẹ̀ ni Màmá pè mí láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bi mí bóyá mo ti di gáùn náà. Mo ní ó kù díẹ̀, mo ń kọ ìwé tó máa bá a lọ. Ẹ̀rọ kò dún. Wọ́n wá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àwọn náà sí i, pé kí o wọ̀ ọ́ ya fọ́tò ní etí òkun, kí o dúró síbi tí oòrùn ti mú, kí ẹni tó ń yà ọ́ má sì dúró jìnnà, kí àwọn lè rí ọ dáadáa.

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́, mà."

Mo ti kọ ọ́ báyìí.

                                                  Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
                                                  Jẹ́jẹ́.